Orúkọ Ewéko Nínú Iṣẹ́ Palisot de Beauvois: Àgbéyẹ̀wò Kan

Nínú àwọn òyìnbó tí ó kọ́kọ́ kó ewéko àti kòkòrò agbègbè wa jọ fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, Palisot de Beauvois, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí a bí ní Arras ní ọdún 1752, jẹ́ ọ̀kan pàtàkì. Ní ọdún 1786, ó bá ọkọ̀ Landolphe wá sí Oware, èyí tí í ṣe Wàrí òde òní, ó sì dé Ìbìní pẹ̀lú. Àwọn Itsekiri tí wọ́n ni Oware ń sọ èdè tí ó bá Yorùbá tan; nítorí náà, iṣẹ́ rẹ̀ kan àwa olùkọ́ èdè. Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni ọ̀nà tí ó gbà sọ àwọn ohun tí ó rí lórúkọ.

Ìwé rẹ̀ méjì ni ó ṣe kókó. Àkọ́kọ́ ni *Flore d'Oware et de Bénin*, tí ó ń jáde díẹ̀díẹ̀ láti ọdún 1804 títí di 1821, ọdún kan lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ó jẹ́ apá méjì, àwòrán inú rẹ̀ sì jẹ́ 120. Èkejì dá lórí kòkòrò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ọdún 1805, ó sì ní àwòrán 90. Púpọ̀ nínú ohun tí ó kó jọ ni iná run ní Saint-Domingue, ìyẹn Háítì, ní ọdún 1793. Èyí tí ó ti fi ránṣẹ́ sí Paris ni ó bọ́.

Àwọn orúkọ kan dára lójú wa. *Spathodea campanulata* ni ó pe igi òrúrù. Apá kìn-ín-ní jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ Gíríìkì fún abẹ idà, nítorí bí èèpo òdòdó rẹ̀ ti rí. Èkejì ń sọ pé òdòdó náà dà bí agogo. Ẹni tí ó gbọ́ orúkọ yìí ti rí igi náà díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn baba wa ṣe. Ewéko tí ó ti Amẹ́ríkà wá, tí ó ń pa ewé dé bí a bá fọwọ́ kàn án, ni wọ́n pè ní patanmọ́. Linnaeus sì pè é ní *pudica*, èyí tí í ṣe onítìjú. Ìlú méjì kò gbìmọ̀ pọ̀, ojú kan náà ni wọ́n fi wò ó.

Orúkọ kejì ni *Raphia vinifera*: ọ̀pẹ tí ń mú ọtí wá. Níbí, ìlò tí àwọn onílẹ̀ ń lo igi ni ó wọ inú orúkọ. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ fi hàn lẹ́yìn náà pé ọ̀pẹ mìíràn, *Raphia hookeri*, ni a ń dá ògùrọ̀ lára rẹ̀ jù. Ọmọ Nàìjíríà, M. O. Otedoh, ni ó tún ẹ̀yà ọ̀pẹ yìí yẹ̀ wò ní ọdún 1982, nínú ìwé àtìgbàdégbà ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀pẹ tí ó wà nítòsí Ìbìní.

Èyí tí a kò lè gbóríyìn fún ni *Napoleona imperialis*. Ọdún 1804 ni ó tẹ orúkọ náà jáde, ọdún tí a dé Napoleon ládé. Kò sí ewé, èso tàbí ìlò kan nínú rẹ̀. Ọba Faransé nìkan ni ó wà níbẹ̀. Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Ilé ẹlòmíràn ni Palisot wò. Kò sì yà wá lẹ́nu, nítorí ọkùnrin yìí kan náà ni ó kọ̀wé ní ọdún 1814 láti gbèjà òwò ẹrú. Ẹni tí ó fi sùúrù ka ewé òdòdó kọ̀ láti ka ọmọ ènìyàn sí ènìyàn.

A kò torí èyí sọ pé kí á da iṣẹ́ rẹ̀ nù. Òfin ìmọ̀ ewéko dá a láre, orúkọ rẹ̀ sì wà lẹ́yìn orúkọ òrúrù títí di òní. Ohun tí a ń sọ ni pé iṣẹ́ ìsọlórúkọ kì í ṣe ti onísáyẹ́ǹsì nìkan. Bí olùkọ́ bá ń kọ́ ọmọ ní orúkọ ewéko, kí ó béèrè pé: kí ni orúkọ yìí rí lára ewé náà? Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì máa gba orúkọ ewé sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà, pẹ̀lú ìdí tí a fi sọ wọ́n bẹ́ẹ̀. Bí àgbà bá lọ tí a kò gbà á sílẹ̀, *Spathodea* yóò kù nínú ìwé, òrúrù yóò sì di ohun tí ọmọ wa ń wò láìmọ ohun tí yóò pè é.