Eman Kú, Ta Ló Jíǹde?



Àwọn tí ẹ wà ní gbọ̀ngàn lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ tí a fi parí sáà tó kọjá, ẹ ó rántí pé The Strong Breed ti Wọlé Ṣóyínká ni ẹgbẹ́ òṣèré wa ṣe. Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì. Jẹnẹrétọ̀ ń pariwo ju àwọn òṣèré lọ. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó dìde. Ẹni tó ṣe Eman mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ṣe Ifada kò fi bẹ́ẹ̀ lanu sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ nìkan tó láti mú ẹkún wá. Nítorí náà, n ò wá bú ẹnikẹ́ni. Ìparí eré yẹn ni mo bá jà.

Ẹ ṣáà rí i. Bí Eman ṣe kú tán, wọ́n tan iná sí àgbélébùú funfun kan lẹ́yìn rẹ̀, àwọn akọrin bú sí orin Àjíǹde, gbogbo gbọ̀ngàn dìde, ó di "Alelúyà!" Ẹnì kan lẹ́yìn mi pàtẹ́wọ́, ó ní, "Jésù ni! Ṣebí mo ti sọ fún yín!" Mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa ni yóò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìdánwò: Eman ni Jésù, ó tán.

Kò tán o.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìtàn náà fún àwọn tí kò tíì kà á. Ó wà nínú Five Plays tó jáde ní 1964. Eman jẹ́ àlejò ní abúlé kan. Ó ń kọ́ ọmọ níwèé, ó ń tọ́jú aláìsàn. Alẹ́ tí ọdún ń parí ni. Àwọn ará abúlé yìí ní láti rí ẹnì kan tí yóò gbé gbogbo ibi ọdún náà lọ, ṣùgbọ́n wọn kì í lo ọmọ tiwọn. Àlejò ni wọ́n ń mú, ẹni tí kò ní baba tí yóò béèrè rẹ̀. Ifada, ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ kò pé, ni wọ́n gbé. Sunma, ọmọ Jaguna tó jẹ́ olórí wọn, ti bẹ Eman títí pé kí àwọn méjèèjì jáde kúrò ní abúlé kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò gbà. Ìgbà tó rí ohun tí wọ́n fẹ́ fi ọmọ náà ṣe, ó fi ara rẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wá le ju bó ṣe rò lọ, ó sá. Òùngbẹ gbẹ ẹ́, ó gba ọ̀nà odò. Ọ̀nà odò yẹn gan-an ni wọ́n dẹ pàkúté sí dè é.

Mo gbà pé ìjọra pọ̀. Orúkọ rẹ̀ dà bí àbọ̀ Èmánúẹ́lì. Ó ń kọ́ni, ó ń woni sàn. Ẹ̀rù bà á bí ẹ̀rù ṣe ba Jésù ní Gẹtisémánì, òùngbẹ gbẹ ẹ́ bó ṣe gbẹ Jésù lórí igi. Ó tún kú dípò ẹlòmíràn. Ẹni tó bá ní kò sí Jésù nínú eré yẹn, kò ka ìwé ni.

Ṣùgbọ́n inú ìtàn ikú Jésù, ẹni méjì ló sọ̀rọ̀ nípa kí ẹnì kan kú fún ọ̀pọ̀. Jésù fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹni tó ní kò sẹ́ni tó gba ẹ̀mí òun, òun fúnra òun ni òun fi í lélẹ̀. Káyáfà àlùfáà náà wà níbẹ̀. Ẹ lọ ka Jòhánù orí 11. Ohun tí Káyáfà sọ ni pé ó sàn kí ẹnì kan ṣoṣo kú ju kí gbogbo orílẹ̀-èdè ṣègbé lọ. Lójú lásán, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa. Káyáfà ń wá ẹni tí yóò kú kí òun lè máa jókòó sórí àga òun. Jésù kú kí àwọn tó kù lè di ẹlòmíràn. Jaguna kì í ṣe Jésù rárá, Káyáfà ni. Ẹbọ tiẹ̀ wà kí ohunkóhun má bàa yí padà.

Bóyá èdè wa wà lára ohun tó ń tàn wá. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì, ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu àwọn baba wa ni wọ́n mú lò: ẹbọ, ètùtù. Ọgbọ́n ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹbọ tí a mọ̀ nílé, àrútúnrú ni. Ọdún dé, a tún rú u. Ìwé Hébérù orí 10 sì bá irú ẹbọ yẹn jiyàn gidi: bó bá ti múni pé ni, ṣé wọn ò ní ṣíwọ́ rírú rẹ̀ ni? Ẹ bi Jaguna ní ìbéèrè yẹn. Bí ẹbọ èṣí bá dá, kí ni wọ́n tún ń fi ọmọ ẹlẹ́gàn ṣe lọ́dún yìí?

Èyí ló mú mi dé ọjọ́ kẹta. Pọ́ọ̀lù sọ ọ́ láìfi bò nínú Kọ́ríńtì kìíní orí 15 pé bí kò bá sí àjíǹde, asán ni gbogbo rẹ̀. Ikú nìkan kọ́ ni ẹ̀kọ́ yẹn dúró lé. Ní Róòmù orí 6, ó tún lọ síwájú: àwọn tí a kú fún gbọ́dọ̀ bá a kú, kí wọ́n bá a jí sí ìwà tuntun. Nínú The Strong Breed, kò sí ọjọ́ kẹta. Eman kò jí. Ohun kan ṣoṣo tí Ṣóyínká fi sílẹ̀ fún wa ni pé nígbà tí àwọn ará abúlé rí i níbi tó so rọ̀ sí, ẹnu wọn wọhò. Kò sẹ́ni tó lè ṣépè lé e lórí bí wọ́n ti máa ń ṣe. Wọ́n yí padà, wọ́n ń lọ. Ohun tó ń dun Jaguna ní ìparí eré nìyẹn: ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wọn ń bà á lẹ́rù.

Bí àjíǹde kankan bá wà nínú eré yẹn, inú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló wà, kò sì tíì dá wa lójú. Bóyá ojú ń ti wọ́n. Bóyá wọn ò ní mú ọmọ kankan lọ́dún tó ń bọ̀. Bóyá ebi ló sì ń pa wọ́n tí wọ́n ń lọ jẹun. Olùdarí eré wa wá fi orin bo ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn mọ́lẹ̀! Ó fún wa ní Àjíǹde lọ́fẹ̀ẹ́, a pàtẹ́wọ́, a lọ sílé bí a ṣe wá. Àwa gan-an la di ará abúlé, àní àwọn ará abúlé sàn jù wá, wọ́n mọ ìgbà tó yẹ ká dákẹ́.

Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan kò gbà pé ká máa dákẹ́ bẹ́ẹ̀ náà. Eré tirẹ̀, No More the Wasted Breed, tó jáde ní 1982, ìdáhùn sí Ṣóyínká ni, orúkọ rẹ̀ ti sọ bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tí Saluga ń bi níbẹ̀ rọrùn: kí ló dé tó fi jẹ́ pé tálákà ni ẹbọ máa ń wá sí ilé rẹ̀? Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa ní Ọ̀ṣọ́fisan ń bá ẹ̀sìn jà. Lójú tèmi, Káyáfà ló ń bá jà, àǹfààní ńlá sì ni fún onígbàgbọ́ tó bá kà á.

Àbí ẹ rò pé ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí ilẹ̀ wa ni? Ẹ rántí Mọrèmi. Ọmọ tirẹ̀ ló fi san ẹ̀jẹ́, kò mú ọmọ ẹlòmíràn. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921, kọ ọ́ pé ọmọ náà jí, ó fi okùn gòkè ọ̀run, Ifẹ̀ sì ń retí rẹ̀. Àwọn kan máa ń pariwo ibẹ̀ yẹn, wọ́n á ní ẹ ò rí Jésù. Ibòmíràn ló mú mi nínú ìtàn náà: wọ́n ní àwọn tí Mọrèmi gbà là ṣèlérí pé àwọn yóò jẹ́ ọmọ fún un títí ayé. Ìyè tuntun nìyẹn lójú mi. Ẹni tí a gbà là di ọmọ, ó sì ní ojúṣe.

Mo ní ìdí tí mo fi ń bínú sí orin yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní SS2, ó ń ta ẹ̀kọ àti àkàrà ní gáréèjì, kí owó lè tó fún tèmi. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lórí ọ̀rọ̀ mi, màmá mi á ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ ló fi ara rẹ̀ rúbọ fún ọ o." Èmi náà á ṣe àmín. Alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, láàárín Alelúyà, ó sọ sí mi lọ́kàn pé a kò fún un ní ààyè láti fi ara rẹ̀ rúbọ. A mú un ni, bí wọ́n ṣe mú Ifada. Èmi ni abúlé. Àwọn àgbà ní ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Àmín lásán kọ́ ni ọpẹ́. Mo ti gba fọ́ọ̀mù GCE fún un. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ fi mí rín. Lẹ́yìn náà ó ní kí n gbé e sórí tábìlì.

Ẹ̀yin olùdarí, nígbà tí ẹ bá tún eré yẹn ṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa iná àgbélébùú yẹn. Ẹ jẹ́ kí Eman kú, kí gbọ̀ngàn dákẹ́, kí jẹnẹrétọ̀ nìkan máa pariwo. Kí oníkálùkù jókòó ro ẹni tó kú dípò rẹ̀. Ẹni tí kò bá fara mọ́ ohun tí mo wí, ẹ jẹ́ ká pàdé ní ìjókòó ẹgbẹ́ wa ní Ọjọ́bọ̀. Mo ti ń retí yín.