Iṣẹ́ Tí Wọ́n Rán Fáìlì: Àríwísí lórí Ọ̀nà Tí Àkójọ-Ọ̀rọ̀ Ana Fi Ń Kúrò ní Atakpamé

Àwọn Ana, tí wọ́n ń pe èdè wọn ní Ifẹ̀, wà lára àwọn tí ó jìnnà jù lọ sí ìwọ̀ oòrùn nínú gbogbo àwọn tí èdè wọn bá Yorùbá tan. Atakpamé, ìlú orí òkè ní agbègbè Plateaux ní Tógò, ni ojúkò wọn, ṣùgbọ́n wọ́n tún wà ní ìhà kejì ẹnubodè, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ìtàn àwọn àgbà wọn so wọ́n mọ́ Ilé-Ifẹ̀, orúkọ èdè wọn sì ń jẹ́rìí sí i. Àwọn òṣìṣẹ́ SIL ti ṣiṣẹ́ lórí èdè náà, ìwé atúmọ̀-ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí Faransé sì ti jáde. Lónìí, inú kọ̀ǹpútà ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń gbé kí ó tó di ìwé. Bí fáìlì àkójọ-ọ̀rọ̀ bá kọ̀ tí kò ṣí mọ́, tàbí tí ó ṣí tí lẹ́tà rẹ̀ dàrú, akójọ-ọ̀rọ̀ a fi í ránṣẹ́ sí àwọn olùrànlọ́wọ́ tí wọ́n mọ ètò kọ̀ǹpútà náà, ní ìlú tí ó jìnnà, kí wọ́n bá a tún un ṣe.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi fáìlì náà ránṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí. Ọ̀pọ̀ gbà pé iṣẹ́ onímọ̀ kọ̀ǹpútà lásán ni, pé kò kan onímọ̀ èdè. Èrò yìí kò tọ̀nà. Fáìlì tí ó kúrò ní Atakpamé láìsí àlàyé lẹ́tà àti àmì ohùn rẹ̀ lè padà wálé ní ìlera lójú ẹni tí ó tún un ṣe, kí èdè inú rẹ̀ sì ti bàjẹ́.

Ìfiránṣẹ́ sí ọ̀nà jíjìn kì í ṣe ohun tuntun ní àgbègbè yìí. Ní Kamina, nítòsí Atakpamé, ni àwọn Jámánì kọ́ ilé-iṣẹ́ tẹlígíráàmù aláìníwáyà sí, tí ó bá Nauen, lẹ́bàá Berlin, sọ̀rọ̀, kí àwọn fúnra wọn tó wó o palẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1914. Èdè kan náà àti àmì kan náà ni ẹni tí ń ránṣẹ́ àti ẹni tí ń gbà á mọ̀. Bákan náà ni àrokò àwọn Yorùbá rí. Ẹni tí ó bá di owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ mọ̀ pé ẹni tí yóò gbà á yóò gbọ́ “fà” nínú “ẹ̀fà”, yóò sì mọ̀ pé ọkàn ẹni náà fà sí òun. Bí ó bá bọ́ sọ́wọ́ àjèjì, owó ẹyọ mẹ́fà ni àjèjì yóò kà. Irú àjèjì bẹ́ẹ̀ ni olùrànlọ́wọ́ tí kò gbọ́ Ana. Ẹ̀bi kò sí lọ́rùn rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ó di ẹrù ni ojúṣe wà.

1. Ohun tí àwọn ètò náà ń béèrè

Ètò méjì tí ó gbajúmọ̀ láàárín àwọn akójọ-ọ̀rọ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni Toolbox, tí ó jogún Shoebox àtijọ́, àti FieldWorks Language Explorer, tí wọ́n ń gé kúrú sí FLEx. SIL ni ó ṣe méjèèjì, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n. Ìyìn tọ́ sí Toolbox nítorí pé ọ̀rọ̀ lásán ni ó ń pa mọ́: ìlà kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àmì rẹ̀, \lx fún ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń túmọ̀, \ps fún ìsọ̀rí ọ̀rọ̀, \ge fún ìtumọ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, \gn fún ìtumọ̀ ní èdè orílẹ̀-èdè. Bí ètò náà tilẹ̀ kú, ẹnikẹ́ni lè fi ètò ìkọ̀wé lásán ṣí fáìlì rẹ̀. Ìyìn tọ́ sí FLEx náà nítorí pé ó lè kó gbogbo iṣẹ́ jọ sínú ẹ̀dà ìpamọ́ kan ṣoṣo, ó sì ń béèrè bóyá kí àwòrán, ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, fọ́ǹtì àti kíbọ́ọ̀dù bá a lọ.

Àléébù wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní Toolbox, ọ̀rọ̀ wà lọ́tọ̀, ìlànà rẹ̀ wà lọ́tọ̀: fáìlì .typ ni ó mọ àwọn àmì ìlà, fáìlì .lng ni ó mọ lẹ́tà àti ètò tí wọ́n fi ń tò wọ́n, fáìlì .prj ni ó so gbogbo wọn pọ̀. Ẹni tí ó fi fáìlì ọ̀rọ̀ nìkan ránṣẹ́ dà bí ẹni tí ó fi gángan ránṣẹ́ láìfi kọ̀ǹgọ́ kún un. Ní FLEx, ẹni tí ó yára tẹ bọ́tìnì láìka ìbéèrè tí ó wà lójú rẹ̀ lè fi fọ́ǹtì sílẹ̀ tí ó yẹ kí ó lọ, tàbí kí ó fi ohùn àwọn ènìyàn ránṣẹ́ tí kò yẹ kí ó lọ.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ \gn yẹn. Lẹ́tà “n” ibẹ̀ dúró fún èdè orílẹ̀-èdè. Ní Tógò, Faransé ni ó sábà máa ń jókòó síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àtúnṣe ètò ẹ̀kọ́ ọdún 1975 yan Ewe àti Kabiyè gẹ́gẹ́ bí èdè orílẹ̀-èdè fún ilé-ẹ̀kọ́. Ana kò sí nínú méjèèjì. Olùrànlọ́wọ́ tí ó jìnnà kò lè mọ èyí tí “orílẹ̀-èdè” ń tọ́ka sí àfi bí wọ́n bá kọ ọ́ fún un. Orúkọ tí ó dà bí ẹni pé ó yé gbogbo ènìyàn ni ó sábà máa ń ṣini lọ́nà jù.

2. Lẹ́tà àti àmì ohùn

Ní Tógò àti ní Bẹ̀nẹ̀, ɛ àti ɔ ni wọ́n fi ń kọ fáwẹ̀lì tí Nàìjíríà ń kọ ní ẹ àti ọ. Etí kò mọ ìyàtọ̀ kankan níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n. Nínú Unicode, tí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1991, ɛ ní nọ́ńbà U+025B, ẹ sì ní U+1EB9. Lẹ́tà méjì tí kò bára tan ni wọ́n. Bí àmì ohùn òkè bá gun orí ɛ, nọ́ńbà méjì ni kọ̀ǹpútà ń kà, nítorí kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ɛ́. Ti ẹ́ tún ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ènìyàn lè ti ara ẹ dé ibẹ̀ kí ó fi àmì ohùn kún un. Ó lè ti ara é dé ibẹ̀ kí ó fi àmì sí abẹ́ rẹ̀. Ó sì lè kó e, àmì abẹ́ àti àmì orí jọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lójú, ọ̀kan ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nínú fáìlì, mẹ́ta ni wọ́n. Unicode ní ìlànà tí ó lè sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí di ọ̀kan, ṣùgbọ́n ìlànà náà kò lè sọ ɛ di ẹ. Ẹni tí ó bá kó ọ̀rọ̀ láti inú ìwé Nàìjíríà àti ìwé Tógò sínú fáìlì kan gbọ́dọ̀ wí ohun tí ó ṣe.

Fáìlì tí ó ṣáájú Unicode léwu ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ. Láyé ìgbà náà, wọ́n máa ń ya ɛ sínú fọ́ǹtì ní ààyè lẹ́tà mìíràn. Bí fọ́ǹtì náà kò bá bá fáìlì lọ, lẹ́tà mìíràn yẹn ni yóò yọjú, olùrànlọ́wọ́ kò sì ní rí ohun tí yóò fi mọ̀ pé ɛ ni ó yẹ kí ó wà níbẹ̀.

3. Àtúnṣe tí ó ń ba nǹkan jẹ́

Kí òǹkàwé fi àpẹẹrẹ Yorùbá tí gbogbo ènìyàn mọ̀ wò ó. Ọkọ ni ẹni tí ó fẹ́ ìyàwó. Ọkọ́ ni irinṣẹ́ àgbẹ̀. Ọkọ̀ ni ohun tí ń gbé ènìyàn rìn. Ọ̀kọ̀ ni ohun ìjà. Bí olùrànlọ́wọ́ bá rò pé àwọn àmì orí lẹ́tà ni ó ń dá fáìlì lẹ́kun, tí ó sì nu wọ́n kúrò, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di “ọkọ”. Bí ó bá nu àmì abẹ́ pẹ̀lú, wọ́n di “oko”, wọ́n sì lọ bá oko tí àgbẹ̀ ń ro. Fáìlì yóò ṣí. Kò ní sí àṣìṣe kankan tí ètò náà yóò ké sí.

Ohun tí ó tẹ̀lé e ni ó burú jù. FLEx máa ń fi nọ́ńbà sí ara àwọn ọ̀rọ̀ tí àkọsílẹ̀ wọn bá bára mu: 1, 2, 3, 4. Ẹni tí yóò ka àkójọ náà ní ọdún mẹ́wàá sí i yóò gbà pé ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni wọ́n tí ìpè wọn jẹ́ ọ̀kan, yóò sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Àtúnṣe ti di àlàyé nípa gírámà, láìsí ẹnikẹ́ni tí ó pinnu pé kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ewu kan náà ni ó wà fún Ana, nítorí èdè olóhùn ni òun náà, ìwé tí ènìyàn lè fi yẹ̀ ẹ́ wò kò sì pọ̀ tó ti Yorùbá.

4. Àwọn ènìyàn inú fáìlì

Àkójọ-ọ̀rọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ nìkan. Ìtàn, oríkì àti ọ̀rọ̀ ìdílé máa ń wà nínú rẹ̀; FLEx sì ní ààyè ìwé àkíyèsí tí ó ń gba orúkọ àwọn tí wọ́n kópa. Àgbà tí ó jókòó ní àgbàlá rẹ̀ tí ó sọ ìtàn ìdílé fún akójọ-ọ̀rọ̀, òun ni ó sọ ọ́ fún. Kò mọ̀ pé ohùn òun yóò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Tógò ní òfin lórí ààbò dátà ènìyàn, òfin nọ́ńbà 2019-014 ti ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún 2019. Bẹ̀nẹ̀ náà ní ìwé òfin ètò kọ̀ǹpútà àti ìbánisọ̀rọ̀ láti ọdún 2018. Bí òfin kò bá tilẹ̀ sí, ìtìjú yẹ kí ó wà.

Àwọn kan yóò wí pé àṣìṣe mìíràn kì í hàn àfi bí gbogbo fáìlì bá lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ ìkẹyìn ni ó yẹ kí ìyẹn jẹ́. Kí wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú ẹ̀dà kékeré tí ó ní ogún tàbí ọgbọ̀n ọ̀rọ̀, kí wọ́n wò ó bóyá àṣìṣe náà ṣì wà nínú rẹ̀. Bí ó bá wà, ẹ̀dà kékeré náà tó, owó íntánẹ́ẹ̀tì tí yóò sì jẹ kò tó nǹkan.

5. Bí ó ṣe yẹ kí wọ́n di ẹrù náà

Ìtọ́sọ́nà tí àwọn olùrànlọ́wọ́ sábà máa ń fún ènìyàn béèrè nǹkan mẹ́ta: ẹ̀dà ètò tí ó ń lò, ohun tí ó ṣe kí àṣìṣe tó yọjú, àti fáìlì náà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dára. Wọ́n tó fún èdè tí lẹ́tà rẹ̀ kò ní àríyànjiyàn. Fún Ana, ó yẹ kí nǹkan mẹ́rin kún wọn.

Èkínní, kí ẹ̀dà àkọ́kọ́ má ṣe kúrò nílé. Kí wọ́n fi í pamọ́ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn án. Èkejì, kí ojú-ìwé kan bá fáìlì lọ tí ó to gbogbo lẹ́tà àti àmì ohùn pẹ̀lú nọ́ńbà Unicode wọn, kí àwòrán ojú-ìwé àkójọ náà sì wà níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe yẹ kí ó rí. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n kọ ọ́ ní gbangba pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ nu àmì kankan tàbí pa lẹ́tà kankan dà láìbéèrè, kí wọ́n sì bẹ̀bẹ̀ pé kí olùrànlọ́wọ́ pa ẹ̀dà ọwọ́ rẹ̀ rẹ́ nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Ẹ̀kẹrin, nígbà tí fáìlì bá padà, kí wọ́n ka iye ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ mọ́ iye tí ó wà tẹ́lẹ̀, kí ẹni tí ó gbọ́ Ana sì ka díẹ̀ nínú wọn sókè, kí etí jẹ́rìí sí ohun tí ojú rí.

Bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Fáìlì kò ní ọgbọ́n tí yóò fi ṣe bẹ́ẹ̀: bí wọ́n bá ṣe dì í ni yóò ṣe jíṣẹ́. Níwọ̀n ìgbà tí Atakpamé kò bá tí ì ní olùrànlọ́wọ́ tirẹ̀, ẹni tí ó gbọ́ èdè náà tí ó sì mọ ètò kọ̀ǹpútà, ẹni tí ń di ẹrù ni ó gbọ́dọ̀ gbọ́n fún un.