Òkú Ọba àti Pósí Aláìlórúkọ: Àyẹ̀wò Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Carlos

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti yunifásítì yàtọ̀ sí ti ìlú. Ti ìlú lè fi ẹwà tẹ́ àlejò lọ́rùn kí ó sì dákẹ́. Ti yunifásítì kò gbọdọ̀ dákẹ́, nítorí iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni gbogbo gbọ̀ngàn rẹ̀. Òṣùwọ̀n yìí ló yẹ láti fi wọn Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Michael C. Carlos ní Yunifásítì Emory, ìlú Atlanta, Amẹ́ríkà, níbi tí iṣẹ́ ọnà àtijọ́ láti Íjíbítì, Gíríìsì àti Róòmù pọ̀ sí.

Ní ọdún 1999, ilé yìí ra àkójọ ohun Íjíbítì kan láti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Niagara Falls, Kánádà. Àwọn ará Atlanta ló dáwó jọ, tó tó mílíọ̀nù méjì dọ́là. Òkú kan tí wọ́n fi oògùn pa mọ́ wà nínú àkójọ náà. Ó ti wà ní Niagara láti nǹkan bí ọdún 1860 láìlórúkọ. Àwọn onímọ̀ fi ẹ̀rọ ayàwòrán inú ara yẹ̀ ẹ́ wò. Bí wọ́n ṣe ká apá rẹ̀ lé àyà bí ti ọba, àti bí wọ́n ṣe tọ́jú òkú náà, mú kí ọ̀pọ̀ wọn gbà pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ Ramesses Kìn-ín-ní, ẹni tí kò lò tó ọdún méjì lórí ìtẹ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2003, yunifásítì náà dá a padà sí Íjíbítì lọ́fẹ̀ẹ́. Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Luxor ni wọ́n gbé e sí.

Ìyìn tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n ọba lórúkọ. Ìran rẹ̀ ṣeé tọ́ka sí. Ìdánwò tó le ju èyí lọ ni ti ohun tí kò lórúkọ. Pósí amọ̀ kan wà nínú ilé náà, irú èyí tí àwọn ará erékùṣù Kírétè fi ń sin òkú ní ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọdún sẹ́yìn. Ọdún 2024 ni ìpinnu tó wáyé láti dá a padà fún Gíríìsì, pẹ̀lú ère òkúta Terpsichore, abo òrìṣà ijó, àti ère ẹnì kan tó jókòó. Ó ti lé ní ogún ọdún tí ọba ti lọ.

Àwọn kan ń jiyàn pé bí kò bá sí irú ilé bẹ́ẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ Georgia kò ní fojú kan iṣẹ́ ọwọ́ Gíríìkì rárá. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá hú pósí láìsí àkọsílẹ̀, ta ni yóò sọ ẹni tó sùn sínú rẹ̀, ibojì tó ti jáde, tàbí ohun tí wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀? Ẹwà ló kù. Ìmọ̀ ti ṣègbé. Àwọn àgbà sì bọ̀, wọ́n ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Òwe náà kò pe yunifásítì ní olè; ó ń rán an létí pé ẹni tó ń gba nǹkan lọ́wọ́ oníṣòwò ló yẹ kó kọ́kọ́ bèèrè ibi tó ti wá.

Ìdápadà kò sì sọ ilé ẹ̀kọ́ di òfìfo. Nígbà tí ọba lọ, àwòrán inú ara rẹ̀ àti ohun tí wọ́n kọ́ lára rẹ̀ kò bá a lọ. Ohun tó kù tí ilé náà lè ṣe ni kí ó kọ ìtàn ìrìnàjò ohun kọ̀ọ̀kan sí ara àkọlé rẹ̀: ibi tó ti wá, ọwọ́ tó gbà kọjá, ọdún tó dé, àti ibi tí àkọsílẹ̀ ti dá dúró. Iṣẹ́ ọnà Yorùbá wà lábẹ́ òrùlé kan náà. Olùkọ́ èdè tó bá mú akẹ́kọ̀ọ́ débẹ̀ yóò ka orúkọ òrìṣà, yóò ka irú igi. Kí ó tún wo ìsàlẹ̀ àkọlé náà bóyá orúkọ ìlú tí ère ti kúrò wà níbẹ̀.