Ìlù Inú Gìtá: Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Lionel Loueke

Bí àwọn lámèyítọ́ orin bá ń sọ̀rọ̀ nípa Lionel Loueke, ohun tí ó sábà máa ń jáde lẹ́nu wọn ni pé ó kọjá láti inú orin Áfíríkà bọ́ sínú jáàsì. Oríyìn ni wọ́n pe ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ó lè ṣi olùgbọ́ lọ́nà. Ẹni tí ó bá kọjá ààlà ti ní láti fi ibì kan sílẹ̀ kí ó tó dé ibòmíràn. Àwọn àwo orin Loueke kò fi irú ìfisílẹ̀ bẹ́ẹ̀ hàn. Onílù ni, gìtá ni ó kàn ń lù.

Kùtọ̀nú ni wọ́n ti bí i ní 1973, ọdún méjì kí Dàhòmì tó di Benin. Ìlù ni ó kọ́kọ́ mọ̀. Ó ti pé ọmọ ọdún 17 kí ó tó di gìtá mú. Orin George Benson tí ọ̀rẹ́ kan mú ti Paris bọ̀ ni ó fà á sínú jáàsì. Okùn gìtá ṣọ̀wọ́n nígbà náà, Nàìjíríà ni wọ́n sì ti ń rà á wá. Nítorí èyí, a máa rẹ okùn rẹ̀ sínú ọtí kíkan kí ó lè mọ́. Bí ó bá já, a ta á ní kókó. Nígbà tí kò ṣeé ta mọ́, ó fi wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ rọ́pò rẹ̀. Àwọn oníròyìn fẹ́ràn ìtàn yìí bí ẹni fẹ́ràn àlọ́, síbẹ̀ wọn kì í béèrè ohun tí ó kọ́ olórin náà. Ẹni tí ó ń fi wáyà bíréèkì kọ́ṣẹ́ kò lè gbójú lé adùn ohùn. Ìlù ni ó kù fún un.

Ó kàwé ní Abidjan, ní Paris, ní Berklee tí ó wà ní Boston, àti ní ilé-ẹ̀kọ́ Thelonious Monk, níbi tí Herbie Hancock, Wayne Shorter àti Terence Blanchard ti dán an wò ní 2001. Blanchard mú un wọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Hancock náà ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn náà.

*Karibu* (2008) ni ọ̀rọ̀ yìí ti hàn kedere jù lọ. Ìṣísẹ̀ 17 ni ìwọ̀n ìlù "Seven Teens", iye tí ó lè mú ẹsẹ̀ oníjó kọsẹ̀. Ìka lásán ni Loueke fi ń ta gìtá. Nígbà mìíràn a ki bébà bọ abẹ́ okùn rẹ̀, tí ìró rẹ̀ yóò sì dà bí ti agídìgbo. A máa kọrin ní èdè Fon, a sì máa fi ahọ́n ta pó bí ó ti ń ta okùn. Ọ̀ṣọ́ ni ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ ka títa ahọ́n yìí sí. Àṣìṣe ńlá nìyí. Láàrin àwọn Fon, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí láàrin Yorùbá, agogo ni àwọn ìlù yòókù ń gbọ́ kí wọ́n má baà ṣìnà. Iṣẹ́ agogo ni ahọ́n Loueke ń ṣe. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, ohun tí gìtá ń sọ lè má yé olùgbọ́ mọ́.

*Heritage* (2012) kò tó o. Robert Glasper wà nídìí dùùrù, Derrick Hodge nídìí báàsì, Mark Guiliana nídìí ìlù. Ọ̀gá ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ṣùgbọ́n wọ́n kún gbogbo àyè tí ahọ́n àti àtàǹpàkò Loueke ì bá gbà. Orin náà dán, ó sì fúyẹ́.

Ní 2020 ni ó jókòó ní òun nìkan, tí ó gbé *HH* jáde, tí ó kún fún àwọn orin Hancock. "Rockit" wà lára wọn, orin 1983 tí ẹ̀rọ ń lu ìlù rẹ̀, tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ ha àwo rẹ́kọ́ọ̀dù nínú rẹ̀. Loueke kó o wá sábẹ́ ìka ẹnìkan ṣoṣo, ìlù rẹ̀ kò sì sọnù.