Celia Cruz: Adùn àti Ìkorò Inú Orin

Ìlú Havana ni wọ́n ti bí Celia Cruz ní ọdún 1925. Ó di akọrin ẹgbẹ́ Sonora Matancera ní 1950. Àwo tí òun àti Johnny Pacheco ṣe ní 1974 sì sọ ọ́ di ọbabìnrin orin salsa.

Ó kọ orin òrìṣà pẹ̀lú, ní èdè Lùkùmí, pẹ̀lú ìlù bàtá. Onímọ̀ èdè Yorùbá tí ó bá gbọ́ wọn lè sọ pé ó ba èdè jẹ́, nítorí pé ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ti pòórá. Ẹjọ́ yìí kò tọ́ sí i. Bí àwọn ará Kúbà ti ń pe ọ̀rọ̀ náà ni ó ṣe pè é. Ọmọ ìjọ Kátólíìkì ni, kì í ṣe olórìṣà. Síbẹ̀, kò fi orin náà ṣe yẹ̀yẹ́.

Ohun tí ó yẹ kí lámèyítọ́ yẹ̀ wò ni igbe rẹ̀ lórí ìtàgé: ‘Azúcar!’ Ṣúgà ni ìtumọ̀ rẹ̀. Celia ní inú àwàdà kan lórí kọfí ni ó ti ṣẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n nítorí oko ìrèké ni wọ́n ṣe kó ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá lẹ́rú lọ sí Kúbà, níbi tí òwò ẹrú kò ti kásẹ̀ nílẹ̀ bọ̀rọ̀, tí ìsìnrú fúnra rẹ̀ sì wà títí di 1886. Celia náà fi ilé sílẹ̀ ní 1960. Ìjọba kò jẹ́ kí ó padà wá sìnkú ìyá rẹ̀ ní 1962. Amẹ́ríkà ni ó kú sí ní 2003.

Ẹni tí ó bá mọ èyí kò ní í gbọ́ adùn nìkan nínú igbe náà.