Ẹlẹ́rìí Kan Kò Tó: Àyẹ̀wò Ìwé Arrian lórí Ogun Alexander

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Òwe yìí bá ìtàn Alexander, ọba Masedóníà, mu gan-an. Ó gorí ìtẹ́ ní ọdún 336 ṣáájú ìbí Jésù, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún, lẹ́yìn tí wọ́n pa Philip bàbá rẹ̀. Nígbà tí yóò fi kú sí Bábílónì ní ọdún 323, kò tíì pé ọmọ ọdún 33, ṣùgbọ́n ó ti ṣẹ́gun láti Gíríìsì dé Íjíbítì, ó gba Páṣíà, ó sì dé àfonífojì odò Indus.

Ta ló wá sọ ìtàn yìí fún wa? Ìwé tí àwọn tó bá a lọ sógun kọ ti sọnù. Ohun tí àwọn ẹlòmíràn yọ lò nínú wọn nìkan ló kù. Lára àwọn ìwé tó ṣẹ́kù, èyí tí àwọn onímọ̀ ìtàn gbẹ́kẹ̀ lé jù ni ti Arrian, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Anabasis. Àròkọ yìí fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò: ibi tí ó ti dára, àti ibi tí ó yẹ kí òǹkàwé ti ṣọ́ra.

Èdè Gíríìkì ni Arrian fi kọ ìwé rẹ̀, nígbà tí ó ti lé ní irinwó ọdún tí Alexander ti kú. Òun fúnra rẹ̀ ti ṣe gómìnà lábẹ́ ìjọba Róòmù, ó sì ti kó ọmọ ogun jáde rí. Ìdí nìyí tí ìwé rẹ̀ fi yéni yékéyéké nígbà tí ó bá ń sọ bí wọ́n ṣe to ẹlẹ́ṣin, bí wọ́n ṣe ré odò kọjá, tàbí bí wọ́n ṣe sàga ti ìlú olódi. Ó dárúkọ àwọn tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Kì í ṣe pé ó yin ọba náà nìkan. Ó bá a wí nítorí bí ó ṣe gé imú àti etí Bessus, àti nítorí aṣọ àwọn ará Páṣíà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀. Èyí yẹ ká gbóríyìn fún un.

Ìṣòro ìwé náà wà ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ gan-an. Arrian ní ẹlẹ́rìí méjì ni òun fi ṣe òpó, Ptolemy àti Aristobulus, nítorí pé àwọn méjèèjì bá Alexander lọ sógun, wọ́n sì kọ̀wé lẹ́yìn ikú rẹ̀, nígbà tí kò sí ẹni tó lè fipá mú wọn tàbí tó lè fún wọn lẹ́bùn. Èyí bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n ó fi kún un pé Ptolemy di ọba, irọ́ pípa yóò sì ti ojú ọba ju ẹlòmíràn lọ. Níbí ni mo ti yapa sí i. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gágun Alexander ni Ptolemy. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ kú, ó já òkú rẹ̀ gbà lójú ọ̀nà, ó gbé e lọ sí Íjíbítì, ó sì jọba níbẹ̀. Bí òkìkí Alexander bá ṣe ń kàn tó ni ìtẹ́ tirẹ̀ náà yóò ṣe lágbára tó. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ń mówó wọlé fún kọ́ la ń fi ṣe adájọ́ ọ̀rọ̀ náà.

Kí n má baà ṣe ohun tí mo ń bá Arrian wí, ó yẹ kí n sọ ohun tó gbè é. Àwọn kan kọ ọ́ pé Ptolemy ló gba Alexander là nígbà tí wọ́n ta á lọ́fà ní ìlú àwọn Malli ní Íńdíà. Arrian sọ fún wa pé Ptolemy fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé òun kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó kọ ìyìn tí kò tọ́ sí i ṣe olóòótọ́ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ogun Gaugamela, ní ọjọ́ 1 oṣù Òkútóbà, ọdún 331. Arrian ní ẹlẹ́sẹ̀ mílíọ̀nù kan ni Darius, ọba Páṣíà, kó wá. Ó ní òkú 300,000 ni wọ́n kà nínú wọn, àti pé nǹkan bí 100 péré ló kú nínú àwọn èèyàn Alexander. Ọ̀gágun tó mọ ohun tí bíbọ́ ọmọ ogun ń ná ni kò béèrè bí mílíọ̀nù kan ṣe ń rí omi mu! Ó tún ní Darius ojo ló kọ́kọ́ fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Ẹlẹ́rìí mìíràn wà. Àwọn awòràwọ̀ Bábílónì máa ń kọ ìṣípòpadà ìràwọ̀, iye owó ọkà bálì àti bí odò ṣe kún tó sórí wàláà amọ̀, wọ́n sì ń fi ìṣẹ̀lẹ̀ ìlú kún un. Wàláà kan tó wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù mẹ́nu ba ogun yìí. Gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ àwọn tó túmọ̀ rẹ̀ ṣe kà á, ìpayà ti bá àgọ́ ọba ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ogun, àwọn ọmọ ogun ló sì fi ọba sílẹ̀, tí wọ́n kọrí sí ìlú wọn. Ọba tó sá fi àwọn èèyàn rẹ̀ sílẹ̀, àti ọba tí àwọn èèyàn rẹ̀ sá fi sílẹ̀, ṣé ọ̀kan náà ni wọ́n?

Àléébù tó dùn mí jù lọ wà nínú ìtàn ìlú Tírè. Oṣù méje ni Alexander fi sàga tì í ní ọdún 332. Nígbà tí ó wọlé, Arrian ní àwọn ará Tírè tó kú tó 8,000, nǹkan bí 30,000 ni wọ́n sì tà lẹ́rú. Lẹ́yìn èyí, ó kọjá sí ẹbọ tí Alexander rú sí Heracles, ìwọ́de àti eré ìdárayá tí wọ́n ṣe. Orúkọ ìyá kan, ẹkún ọmọ kan, kò sí. Kò lè sí, nítorí kò sí ará Tírè kankan nínú àwọn òpó méjèèjì rẹ̀.

Ní ìparí, mi ò sọ pé kí a sọ ìwé Arrian nù. Láìsí i, ohun tí a mọ̀ nípa Alexander ì bá kéré gan-an. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ “Alexander Ńlá” sínú ìwé wa, kí a kọ́kọ́ bi ìwé léèrè: ta ni ẹlẹ́rìí yìí, kí ni èrè rẹ̀, ta ni wọn kò pè wá jẹ́rìí? Kí àwọn olùkọ́ wa sì jẹ́ kí a máa béèrè. Ará Tírè tí wọ́n tà sóko ẹrú náà ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti rò.