Ta Ló Ń Sọ Kí Ni Dọ̀tun? Àríwísí lórí “Agbára Ìsọdọ̀tun”

Nínú àwọn ohun tí a ń kọ ní Yorùbá nípa òkun àti ojú-ọjọ́, “agbára ìsọdọ̀tun” ni orúkọ tí a sábà ń fún iná mànàmáná tó ń wá láti ara omi, afẹ́fẹ́ àti oòrùn. Mo tako orúkọ yìí. Agbègbè Atakpamé ní Tógò ni màá fi ṣe ẹ̀rí, níbi tí àwọn Ifɛ̀, tí èdè wọn bá Yorùbá tan, ń gbé.

Sọ … di ọ̀tun ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ì- ló sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-orúkọ. Sọ … di ń béèrè olùwà, ó sì ń béèrè àbọ̀ tó ti gbó tẹ́lẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Ọlọ́run ló ń sọ ọkàn dọ̀tun. Ìyẹn yé wa. Ṣùgbọ́n ní La Rance ní Faransé, láti 1966, kíkún àti fífà òkun ni wọ́n fi ń pèsè iná. Òṣùpá ló ń fa omi náà ju ohunkóhun lọ. Kí ló gbó níbẹ̀? Atúmọ̀ kàn tẹ̀ lé ẹsẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ni.

Ẹnìkan lè sọ pé òjò ń sọ odò dọ̀tun. Mo gbà. Ìsédò Nangbéto lórí odò Mono, tí kò jìnnà sí Atakpamé, ti ń pèsè iná fún Tógò àti Benin láti 1987. Agbára rẹ̀ jẹ́ mẹ́gáwáàtì 65. Lọ́dọọdún ni omi ń padà wá. Iyanrìn ńkọ́? Odò ló ń gbé e lọ sétí òkun, ìsédò sì ń dá a dúró sínú adágún. Ibi tí Mono ti wọ òkun, ní apá Grand-Popo, ló ń jẹ gbèsè náà. Akosombo ní Gánà ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí iyanrìn odò Volta láti 1965, iyanrìn tí ìṣàn òkun ń gbé wá sí ìlà-oòrùn. Èbúté Lomé, tí wọ́n ṣí ní 1968, tún dí ọ̀nà mọ́ èyí tó kù. Òkun àgbáyé pẹ̀lú ga sí i ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 láàárín 1901 sí 2018, nítorí omi tó ń gbóná ń fẹ̀, yìnyín sì ń yọ́. Ní Aného, òkun ti gbé ilé àti ọ̀nà lọ. Ẹni tí a bá ti sọ fún pé gbogbo rẹ̀ ń “dọ̀tun” kò ní béèrè iyanrìn.

Àwọn kan tún ń pe ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Aného ní ọ̀gbàrá. Òwe wa fúnra rẹ̀ tako wọn: ọ̀gbàrá òjò ni kò lóun ò nílé wó. Omi òkè ni ọ̀gbàrá. “Òkun ń jẹ ilẹ̀” tó, ó sì dárúkọ ẹni tó ń jẹ ẹ́.

Ní ti iná, mo dábàá “agbára kìítán”. Kì í ṣe ìhun àjèjì: àrùn kògbóògùn ti la ọ̀nà náà sílẹ̀, odindi gbólóhùn tó di ẹ̀yán. Kìítán sọ̀rọ̀ nípa orísun nìkan. Kò ṣèlérí pé ohunkóhun yóò padà bọ̀ sípò. Ó ṣeé ṣe kí ti àwọn apẹja adágún Nangbéto sàn jù ú lọ, nítorí náà kí á bi wọ́n, ní Ifɛ̀, kí á tó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ kankan.